HbA1c bàbá mi jẹ́ 5.9%, ṣùgbọ́n ṣúgà àárọ̀ wọn kì í wá sí abẹ́ 160: èwo ni ká gbà gbọ́?

Àbíkẹ́_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìṣẹ́yìn, ó sì ti di ọdún kẹrin báyìí tí wọ́n ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ irú kejì. Mẹtifọ́mìn 1000 mg ni wọ́n ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn kì í sì í fi oògùn ṣeré rárá, nítorí pé àtọ̀gbẹ yìí kan náà ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ṣe àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti rí láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 5.9%. Inú dókítà dùn, wọ́n ní kí bàbá máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kódà wọ́n ń sọ ọ́ pé àwọn lè dín oògùn náà kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo rà fún wọn nílé kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa gún ìka kí wọ́n tó fẹnu kan ohunkóhun láàárọ̀, èyí tí wọ́n sì kọ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko rèé: 168, 181, 175, 190, 172, 184, 177. Nínú ẹ̀rọ àti ilé àyẹ̀wò, ta ni ká gbà gbọ́?

BàbáRere58

Ọmọ mi, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí o sì gbé ẹ̀rọ yẹn sínú àpótí. Láti ọdún 2009 ni èmi náà ti ń bá àtọ̀gbẹ gbé. HbA1c ni àwọn dókítà gbára lé jù, nítorí pé ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta ló ń sọ, nígbà tí ìka gígún kò lè sọ ju ti ìṣẹ́jú tí a gún un lọ. Tèmi wà ní 7.4%, mo ń jowú bàbá rẹ. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ó dára tó.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́remí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ náà jù síbì kankan. Ẹ kọ́kọ́ bi bàbá bóyá wọ́n ń fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gún ìka, nítorí ẹni tó bó ọsàn tàbí tó jẹ máńgòrò tí kò fọ ọwọ́ yóò rí iye tó ga tí kò sì sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí páálí bébà ẹ̀rọ náà máa bàjẹ́, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Mo ti rí ẹni tó ń gbé tirẹ̀ sórí fèrèsé tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ọmọrí ìgò rẹ̀ kò sì dé dáadáa.

Olúlàbù

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń jẹun láti ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Rere, àmọ́ n kò gbà pé kí a gbé ẹ̀rọ náà sínú àpótí. Nígbà tí àyẹ̀wò méjì bá ń ta ko ara wọn tó báyìí, kò yẹ kí a yan èyí tó dùn mọ́ wa, ohun tó yẹ ni kí a wá ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ ná. Àwọn onímọ̀ ní ìlànà kan tí a fi ń yí HbA1c padà sí iye ṣúgà tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpíndọ́gba: a ó fi 28.7 sọ iye náà di púpọ̀, a ó sì yọ 46.7 kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 7%, a ó rí 154 mg/dL, bí ó bá jẹ́ 8%, 183 ni. 5.9% ti bàbá yín fún wa ní nǹkan bí 123. Ní ti ìwé wọn, ìpíndọ́gba ti àárọ̀ nìkan ti lé ní 175, èyí tí kò bá HbA1c tó tó 7.7% jìnnà síra. Lóòótọ́, ṣúgà àárọ̀ máa ń ga díẹ̀ lára àwọn kan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí ẹni tó jí pẹ̀lú 175 lójoojúmọ́, tó wá jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lé e, ṣe máa ní 123 ní ìpíndọ́gba.

Ohun tí HbA1c ń wọ̀n ni ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbìn, ìyẹn èròjà tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni hẹmoglóbìn ń gbé, sẹ́ẹ̀lì pupa kan sì máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ẹ rò ó bí aṣọ funfun tí a sá síta nígbà ọyẹ́: bí eruku ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀ ń sọ bí ọyẹ́ ṣe le tó, kìkì bí a bá mọ iye ọjọ́ tí aṣọ náà fi wà níta. Bí ẹnìkan bá ń ká aṣọ náà wọlé ní ọjọ́ kejì, tó sì ń sá òmíràn, aṣọ yóò mọ́ nígbà gbogbo, ọyẹ́ kò sì torí ẹ̀ dẹwọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹni tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ń tètè kú, HbA1c rẹ̀ yóò kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni a ń wọ̀n lára rẹ̀. Àìtó èròjà irin ní tirẹ̀ máa ń ṣe òdì kejì, ó máa ń gbé iye náà ga láìjẹ́ pé ṣúgà ga.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí bàbá lára láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Mélòó ni PCV wọn, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀? Ṣé ibà ti dá wọn gúnlẹ̀ láìpẹ́ yìí? Kí ni jẹ́nótáìpù wọn?

Àbíkẹ́_Ìṣẹ́yìn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Nọ́ọ̀sì, wọ́n ń fọ ọwọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni páálí náà sì wà, kò tíì bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Olúlàbù, wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára rí. PCV wọn jẹ́ 32%, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ní ti àgbà ni. Ibà kò ṣe wọ́n láti ọdún tó kọjá. Ní ti jẹ́nótáìpù, wọn kò ṣe é rí, wọ́n ní nígbà tí àwọn fẹ́ màmá, kò sẹ́ni tó ń béèrè irú rẹ̀. AA ni màmá mi, mo rí i lórí káàdì aboyún wọn. Èmi AS, àbúrò mi ọkùnrin AC. Ṣé èyí ràn yín lọ́wọ́?

Olúlàbù

Ó ràn mí lọ́wọ́ ju bí ẹ ti rò lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Bí màmá bá jẹ́ AA lóòótọ́, A nìkan ni wọ́n ní láti fún ọmọ. Nígbà náà, S tó wà lára yín, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá, C tó wà lára àbúrò yín náà, ọ̀dọ̀ bàbá ni. Ẹyọ méjì péré ni ènìyàn sì ń ní. Bí káàdì màmá bá tọ̀nà, tí àyẹ̀wò ẹ̀yin ọmọ náà sì tọ̀nà, SC ni bàbá yín.

Kí àyà yín má já. SC wà lára ìdílé àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń rọjú ju SS lọ, àwọn mìíràn sì ń dàgbà dé ọjọ́ ogbó láìmọ̀ pé àwọn ní in. Kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwa Yorùbá pẹ̀lú, nítorí pé C wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn odò Ọya ju ìlà-oòrùn rẹ̀ lọ. Ẹ rántí bi wọ́n bóyá egungun máa ń ro wọ́n, pàápàá nígbà òtútù.

Ẹ wá wo ohun tó kan àyẹ̀wò yín níbí. “A” tó wà nínú orúkọ HbA1c, A inú AA náà ni: hẹmoglóbìn A tí ṣúgà lẹ̀ mọ́ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tó jẹ́ SS, CC tàbí SC kò ní A rárá. Ẹ̀rọ mìíràn yóò kọ̀ láti fún un ní èsì, òmíràn yóò sì gbé iye kan jáde, nítorí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í bi ẹ̀jẹ̀ pé irú hẹmoglóbìn wo ni ó jẹ́. Bí iye náà bá tilẹ̀ jáde, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ SC kì í lo 120 ọjọ́. PCV 32% tí wọ́n ní ti àgbà ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe jẹ́nótáìpù wọn ní ilé àyẹ̀wò tó dáńtọ́. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ apá wọn fún ṣúgà àárọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kò bá tó, ẹ̀rọ ìka lè gbé iye tó ga díẹ̀ jáde. Inú ìgò olómọrí eérú ni kí wọ́n fa á sí, èyí tó ní fluoride nínú, torí pé nínú ìgò lásán, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yóò máa jẹ ṣúgà náà lọ bí ìgò bá ti ń dúró de ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá lè ṣe àyẹ̀wò fructosamine, kí wọ́n ṣe é. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ èròjà amúaradàgbà inú omi ẹ̀jẹ̀ ni ìyẹn ń wọ̀n, ìtàn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń sọ, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú hẹmoglóbìn.

Adé_Peckham

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mmol/mol ni wọ́n fi ń kọ HbA1c. 48 ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ènìyàn ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn 6.5% tiyín, 53 sì ni 7%. Tèmi jẹ́ 52 ní oṣù kẹta. AS ni mí. Ṣé èmi náà ti ń fi irọ́ tan ara mi jẹ ni? (Fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣúgà tiwa wé ti Nàìjíríà: ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀. 7.0 mmol/L tiwa, 126 mg/dL tiyín.)

Olúlàbù

Rárá o. AS yàtọ̀ sí SC pátápátá ní ti ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ní A lára, òun ló sì pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ni AS kì í dà láàmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè béèrè irú èyí tí wọ́n ń lò. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tó lé ní 4,600, fi hàn pé bí ṣúgà ẹni méjì bá dọ́gba, HbA1c ẹni tó jẹ́ AS máa ń kéré sí ti ẹni tó jẹ́ AA ní nǹkan bí 0.3 lórí òṣùwọ̀n %, ìyẹn nǹkan bí 3 lórí mmol/mol tiyín. Nítorí náà, 52 yín lè jẹ́ 55 níbi tó yẹ kó wà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu ààlà 6.5% ni kó kíyè sí i, kí ó má baà jẹ́ pé wọ́n á ní kò ní àtọ̀gbẹ nígbà tó ti ní in. Ọ̀kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún wa ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ènìyàn díẹ̀.

G6PD (èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa) tí kò tó lára àwọn kan, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa pẹ̀lú, lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2017 kan náà fi hàn pé ó lè fa HbA1c ọkùnrin wálẹ̀ ní nǹkan bí 0.8.

BàbáRere58

Ó dára, mo ti gbọ́. Mo dá ọ̀rọ̀ tèmi padà ní ti bàbá Àbíkẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kí la tún ń ṣe HbA1c fún? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó ni mo ti ná lé e lórí láti ọdún tí mo ti ń ṣe é!

Dókítà_Alágbàfẹ́

Ẹ kú ìnáwó, Bàbá. Owó yín kò ṣòfò. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, HbA1c ṣì ni ẹlẹ́rìí tó dára jù tí a ní. Ìwádìí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1977, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, ló fìdí èyí múlẹ̀: àwọn tí wọ́n tọ́jú gidigidi wà ní 7.0%, àwọn yòókù wà ní 7.9%, ìpalára sí ojú, kíndìnrín àti iṣan kéékèèké sì dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin lára àwọn ti àkọ́kọ́. Àlàfo tí kò tó 1% ló ṣe iṣẹ́ náà. Èyí ni n kò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí kó lọ máa sọ pé HbA1c kò wúlò.

Èyí tí ẹ sọ lákọ̀ọ́kọ́, pé bí ó bá ṣe kéré tó ni ó dára tó, ni mo fẹ́ tún ṣe. Ìwádìí ACCORD ní Amẹ́ríkà àti Kánádà kó ènìyàn 10,251 jọ, àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn ti pẹ́ tí ewu àìsàn ọkàn sì wà lára wọn. Wọ́n gbìyànjú láti fi oògùn lé HbA1c ìdajì wọn sí abẹ́ 6.0%. Ní ọdún 2008, wọ́n ní láti dá apá yẹn dúró ṣáájú àkókò, nítorí pé ènìyàn 257 ló kú níbẹ̀, nígbà tí 203 kú láàárín àwọn tí wọ́n jẹ́ kí tiwọn wà láàárín 7.0 àti 7.9. Fún àgbà tó ti ń lo oògùn púpọ̀, pàápàá ínsúlínì, tí ṣúgà rẹ̀ sì ti já sí abẹ́ 70 rí, mo lè fi 8% sílẹ̀ kí n sùn fọnfọn. 7.4% yín, Bàbá, ní ọjọ́ orí yín, kò yẹ kí ẹ torí rẹ̀ jowú ẹnikẹ́ni.

Ó kù síbì kan. HbA1c gba gbogbo ìjíròrò yìí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mọ iye creatinine àti eGFR rẹ̀, èyí tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún albumin (èròjà amúaradàgbà kan) lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, nítorí pé ìtọ̀ máa ń kìlọ̀ ṣáájú ẹ̀jẹ̀ bí kíndìnrín bá ti ń bàjẹ́. Tí albumin bá tó 30 mg sí gíráàmù creatinine kan, tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a tún un ṣe, iṣẹ́ ti yá. Kí ó mọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, LDL ní pàtàkì, nítorí ọkàn àti ọpọlọ ló ń pa àwọn alátọ̀gbẹ jù. Ẹni tó bá sì ti pẹ́ lórí mẹtifọ́mìn kó wo vitamin B12, ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri tí gbogbo wa máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣúgà, B12 tí kò tó ni nígbà mìíràn.

Ewé_Ńjẹ́

Ẹ̀yin ń sọ nọ́ńbà, ewúro tí wọ́n fún lómi mu láàárọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún ti tó fún gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́remí

Ẹ jẹ ewúro yín lọ́bẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò oògùn, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí ẹ bá ń mu àgbo, kí ó lè fojú tó ṣúgà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yín. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ bàbá Àbíkẹ́.

Àbíkẹ́_Ìṣẹ́yìn

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Èsì ti dé.

SC ni. Wọ́n ṣe é ní ilé àyẹ̀wò méjì. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ apá wọn láàárọ̀ jẹ́ 171 nínú ìgò olómọrí eérú, ẹ̀rọ ìka wọn sọ pé 179 ní ìṣẹ́jú kan náà, nítorí náà ẹ̀rọ náà kò ṣìnà lọ títí. A ní láti fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó fún fructosamine, ó jẹ́ 361, ilé àyẹ̀wò ọ̀hún kọ ọ́ pé 285 ni òpin tó yẹ. Albumin ìtọ̀ wọn jẹ́ 64, wọ́n ní a ó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Dókítà tuntun tí a lọ bá kò dín oògùn kù, wọ́n fi ìkejì kún un, wọ́n sì ní kí a máa gún ìka nígbà mìíràn ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe àárọ̀ nìkan. Wọ́n kọ ìwé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀yìn ojú wọn wò kíákíá, wọ́n ní SC àti àtọ̀gbẹ, méjèèjì ló ń ba ibẹ̀ jẹ́.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ egungun. Bàbá wo mi títí. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni làkúrègbé ti ń dà àwọn láàmú nígbàkígbà tí òjò bá pa àwọn, pé òróró ìpara ni àwọn fi ń pa á. Màmá ní àwọn ti ra òróró náà tó kún àgbá kan.

Olúlàbù

Mo bá yín yọ̀ pé ẹ tètè mọ̀. Ohun méjì péré ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ “SC” sí iwájú káàdì ilé ìwòsàn wọn, kí ẹ sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi HbA1c díwọ̀n ṣúgà wọn mọ́, nítorí dókítà mìíràn yóò tún béèrè fún un lọ́dún tó ń bọ̀, 5.9% náà yóò sì tún jáde, gbogbo ènìyàn á tún máa yọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé albumin inú omi ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ nígbà kan, ẹ rántí pé fructosamine náà lè kéré jù nígbà yẹn.

Èkejì: ṣé àbúrò yín tó jẹ́ AC ti ní àfẹ́sọ́nà?

Àbíkẹ́_Ìṣẹ́yìn

Ó ti ní. Wọ́n sọ fún un níbi àyẹ̀wò pé AC kò léwu, n kò sì rò ó pé ó yẹ kí n béèrè ti ọmọbìnrin náà. Mo ń pè é lórí fóònù báyìí.